Etí Rahti Lára Ògiri Oyin

Ní abúlé Hapatnar, níbi tí òkè ti sún mọ́ ilé débi pé ewúrẹ́ lè já bọ́ sínú ọbẹ̀ ẹni, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Khazir, etí rẹ̀ sì mú ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n ní ó lè jókòó sílé kó gbọ́ ìgbà tí wàrà ń dì nínú ìkòkò aládùúgbò. Wọ́n ní nígbà tí béárì ń bọ̀ wá jí àsálà nínú ọgbà, Khazir ló jí gbogbo abúlé, nítorí pé ó ti gbọ́ bí ebi ṣe ń kùn nínú ẹranko náà lẹ́yìn òkè kejì. Rahti, ìyàwó rẹ̀, nìkan ni kì í gbà. Ohun tí Rahti máa ń sọ ni pé etí yẹn kan náà kì í gbọ́ nǹkan kan bí òun bá ní kó lọ la igi.

Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ oyin, Rahti pàápàá á pa ẹnu mọ́, tàbí ó kéré tán, á rẹ ohùn sílẹ̀.

Inú ògiri ilé wọn ni àwọn oyin náà ń gbé. Khazir ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ̀pá amọ̀ wọn ní ọdún tó ń kọ́lé de ìyàwó. Ó gùn bí apá géńdé, ó sì fẹ̀ bí ikùn ìkòkò. Ó tẹ́ ẹ gbọọrọ sínú ògiri: ihò kótópó kan kọjú síta, síbi tí oòrùn ti ń yọ, ibẹ̀ ni àwọn oyin ń gbà wọlé, ìdí ọ̀pá náà kọjú sínú yàrá, nísàlẹ̀ ògiri, gẹ́lẹ́ lókè ibi tí tọkọtaya ń gbé orí lé sùn. Ó fi ìdérí amọ̀ pẹlẹbẹ bo ìdí yẹn, ó sì fi ẹrẹ̀ tó po mọ́ koríko dí i pinpin. Bí Rahti ṣe ń sùn láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun nìyẹn, ọkọ ń hanrun lápá ọ̀tún, oyin ń kùn lápá òsì. Tí wọ́n bá bi í léèrè, á ní àwọn oyin ló níwà jù.

Oyin inú ògiri kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣí wò bí ìkòkò ọbẹ̀. Nígbà tí òdòdó solai bá tàn káàkiri ẹ̀gbẹ́ òkè lópin ìgbà ooru, àwọn oyin á máa gbé omi rẹ̀ wọlé, omi lásán ni nígbà náà, wọ́n á sì máa fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, títí yóò fi ki. Ìgbà tó bá gbó ni wọ́n tó ń fi ìda funfun dé e lórí. Ẹni tó bá gé e kó tó gbó, oyin rẹ̀ á kan nínú ìkòkò. Ẹni tó bá sì pẹ́ jù, ọ̀gìnnìtìn á ká a mọ́: ẹrẹ̀ tó bá fi dí ìdérí padà kò ní gbẹ, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ wọlé, nígbà tí yìnyín bá sì yọ́, òkú oyin ni yóò máa gbá síta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣí i lọ́dún. Kò sí pé mo kàn fẹ́ yọjú.

Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ìkùn inú ògiri bá ṣì ń lọ wùùùù ní ìdájí, nígbà tí òtútù mú jù, àwọn oyin ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, oyin kò tíì gbó. Bó bá dákẹ́, tó ku kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń gbàdúrà sínú, kí wọ́n pọ́n ọ̀bẹ.

Bí Khazir ṣe ń tẹ́tí yìí gan-an ló ń pa Rahti lẹ́rìn-ín. Ní Hapatnar, bí ewé igi ṣinari bá ti pọ́n, kò sí ẹni tí kì í gbé kangri rẹ̀ kiri, ìkòkò ẹyin iná tí wọ́n fi igi tín-ín-rín hun agbọ̀n yí ká, tí tọkùnrin tobìnrin ń gbé sábẹ́ ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ mọ́ ikùn. Wọ́n ń gbé e jẹun, wọ́n ń gbé e ṣòfófó, àwọn mìíràn ń gbé e jà. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ tí Khazir bá fẹ́ gbọ́ oyin, á gbé kangri tirẹ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á bọ́ ẹ̀wù nínípọn lé e lórí, á wá jókòó ti ògiri nínú àwọ̀tẹ́lẹ̀ péńpé, orúnkún rẹ̀ á máa gbá ara wọn, eyín rẹ̀ á máa pa kékeké.

"Ta lò ń ṣe é fún?" Rahti á bi í láti inú aṣọ ìbora. "Ṣé kí wọ́n lè sọ pé o jìyà ni?"

"Ọ̀rọ̀ èmi àti àwọn èèyàn mi ni," Khazir á dáhùn, eyín rẹ̀ á sì gé ọ̀rọ̀ náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ìwọ sùn."

Ọdọọdún ni wọ́n ń ja ìjà yìí. Ọdọọdún náà sì ni oyin wọn ń dì nínú ìkòkò, funfun bí òrí, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá bù ú tó dojú ṣíbí dé, ṣíbí ni apá á ro, oyin kò ní já bọ́.

Ìgbà tí igi álímọ́ńdì ń tanná ni Khazir kú, láàárín àárọ̀ kan, láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nígbà tí ìgbà oyin dé lọ́dún náà, Altaf ọmọ wọn ló gé e. Altaf kì í ṣe ọmọ burúkú. Ọkọ̀ èrò ló ń wà láti ìlú dé ìlú, ìkánjú sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń hó lójúde nígbà tó ti ń họ ẹrẹ̀ lára ìdérí. Nígbà tí òtútù wá dé góńgó, ní ọ̀sán kan tí wọ́n ń mu tíì oníyọ̀ pẹ̀lú àlejò, ìkòkò oyin náà ta ìdérí rẹ̀ sókè gbàà. Ìdérí gbá àjà, ó padà wá bọ́ sínú ife àlejò. Ológbò ilé lá èyí tó dà sílẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn títí yìnyín fi yọ́. Àwọn kan ní ó kọrin.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Altaf mú ọ̀rọ̀ sítòfù wá. Ó fẹ́ ri sítòfù onírin mọ́ yàrá ìyá rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kó igi sí nínú, kí ara ìyá yé gbọ̀n. Sítòfù sì gbọ́dọ̀ ní páìpù tí èéfín ń gbà jáde. Ó wo ògiri, ó wo ihò tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó sì rí i pé ó ṣe rẹ́gí. Rahti kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n fà á títí, wọ́n wá fẹnu kò síbì kan: bí oyin ọdún tó ń bọ̀ bá tún kan, tàbí bí àwọn oyin náà bá kú, páìpù ló ni ihò. Bí oyin bá dára, kí páìpù wá ọ̀nà mìíràn gbà. Àmọ́ Rahti fúnra rẹ̀ ni yóò mú ọjọ́ tí wọ́n máa gé e.

Kò sọ ìdí fún ọmọ rẹ̀. Apá ọ̀tún orí rẹ̀ ti dákẹ́ láti ìgbà tí Khazir ti lọ. Kò fẹ́ kí apá òsì náà dákẹ́.

Ìgbà oyin tún wá dé. Solai rẹ̀ dànù lára òkè. Wọ́n lu àsálà, ọwọ́ gbogbo ayé dúdú bí èédú. Àwọn obìnrin gbá ewé ṣinari jọ, wọ́n ń sun ún fún kangri, èéfín sì bo abúlé mọ́lẹ̀ débi pé ọkùnrin kan ṣìlé, ó jókòó, ó jẹun yó, kó tó mọ̀ pé kì í ṣe ìyàwó òun ló ń bu oúnjẹ fún òun. Wọ́n ní ó ní kó bu sí i.

Ní ìdájí gbogbo ni Rahti ń dìde. Á kó ẹyin iná tuntun sínú kangri, á gbé e sábẹ́ ẹ̀wù, nítorí eegun rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọge mọ́. Á jókòó sídìí ògiri níbi tí Khazir máa ń jókòó, á fara tì í, kangri á wà nítan rẹ̀ gẹ́lẹ́ lábẹ́ ìdérí amọ̀, á sì gbé etí lé e. Lákọ̀ọ́kọ́ á dà bíi pé gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Rahti kì í kánjú bí ọmọ rẹ̀; ó gbà pé etí arúgbó ni, kò tètè ń là. Á ní sùúrù. Bó bá sì ti jókòó díẹ̀ báyìí, á gbọ́ ọ, wùùùù, bí odò tó kún.

"Kò tíì yá," á sọ fún ara rẹ̀, á dìde lọ se tíì.

Báyìí ló ń ṣe lójoojúmọ́. Gbogbo ilé tó ní oyin lógiri ti gé tiwọn. Rajab, àbúrò Khazir, tí ilé rẹ̀ fara ti tiwọn, ti gé tirẹ̀ láti ìgbà tí solai ṣì ń ju òdòdó ìkẹyìn. Ó bu díẹ̀ sínú àwo, ó gbé e wá sídìí tíì Rahti, kì í ṣe torí ìfẹ́.

"Ìyá Altaf," ó ní, ó ń fi búrẹ́dì nu ẹnu àwo, "mo gbọ́ pé ẹ ń dúró kí àwọn oyin wá fi ẹnu ara wọn pè yín."

Rahti tọ́ oyin náà wò. Ó ní ó dùn. Ó ní bó ṣe ń ṣàn lẹ́nu òun yìí, òun kò mọ̀ bóyá oyin ni Rajab gé ni tàbí omi ló pọn. "So ìdérí rẹ mọ́lẹ̀, Rajab. Kí ológbò tìrẹ náà má lọ dá ẹgbẹ́ orin sílẹ̀."

Rajab rẹ́rìn-ín, ó mu tíì méjì sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ sí òkè tó wà lókè pátápátá, tó ti funfun láti orí dé èjìká. Ó ní Khazir ì bá ti gé e o. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló dun Rahti.

Nígbà tó yá, Altaf gbé páìpù dé láti ìlú, tuntun, ó ń dán bí abẹ. Ó gbé e ti àtẹ̀gùn. Kò fi halẹ̀, ó kàn gbé e ti àtẹ̀gùn níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbà kọjá bó bá ń lọ pọnmi, bó bá ń bọ̀.

"Màámi," ó sọ nígbà tó ń jẹun, ní pẹ̀lẹ́, "bí ẹ bá pẹ́ jù, òtútù á pa wọ́n, ọ̀rọ̀ náà á sì parí fúnra rẹ̀. Èmi ò fẹ́ kó parí báyẹn."

Rahti ní òun mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó tún tẹ́tí, ó sì gbọ́ odò tó kún.

Ó wá di àárọ̀ kan tí omi dì nínú garawa. Èédú ṣinari tí Rahti kó sínú kangri ti gba ìrì mọ́ra, ó ń rú èéfín, kò fẹ́ ràn. Rahti fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bọ́ ẹ̀wù nínípọn rẹ̀ bò ó kí ìwọ̀nba iná tó kù má bàa kú, ó sì lọ jókòó sídìí ògiri títí tí yóò fi ràn. Jíjókòó náà ló jókòó, etí rẹ̀ bá lọ sórí ìdérí fúnra rẹ̀.

Ó dákẹ́. Rahti ní sùúrù bó ṣe máa ń ní in. Òtútù wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀, ó ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ bí ọwọ́ ọmọ aláìgbọ́ràn, eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn. Kò sí odò. Ó yí etí kejì. Kò sí.

Ó rò pé wọ́n ti kú.

Ó lọ sójú fèrèsé, ó pe Rajab. Kò pariwo, ṣùgbọ́n bó ṣe pè é, Rajab gbé ife tíì sílẹ̀ láìmu ún, èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó dé pẹ̀lú kangri lábẹ́ ẹ̀wù, ikùn rẹ̀ yọ síwájú bí ti aboyún tó ti tó àkókò. Rahti nawọ́ sí ògiri. Rajab jókòó, ó fara tì í, ó gbé etí lé e, ó di ojú. Ó pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni tó sùn lọ.

"Ìyá Altaf, kò sí òkú níbí," ó ní níkẹyìn. "Ariwo ọjà ni mò ń gbọ́."

Rahti kò gbà á gbọ́. Ó ti orí Rajab sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé etí tirẹ̀ lé e. Wùùùù. Ìdérí amọ̀ náà lọ́wọ́ọ́wọ́ létí rẹ̀. Ó gbé orí kúrò. Ó wo ìdérí, ó wo ikùn Rajab. Ó rántí ẹ̀wù nínípọn tí wọ́n máa ń bọ́ lé kangri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, orúnkún tó máa ń gbá ara wọn, àti ara òun lábẹ́ aṣọ ìbora, tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọọdún. Ẹ̀rín gbé e. Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi di ògiri mú, omijé sì ń bọ̀ tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó lè sọ èwo ni ti èwo.

"Rajab," ó ní nígbà tó rí èémí mí, "bọ́ ẹ̀wù rẹ."

Rajab wò ó. "Ní ọjọ́ orí wa yìí, Ìyá Altaf?"

"Gbé iná rẹ síta, kí o sì bọ́ ẹ̀wù. Ooru rẹ ló ń mú àwọn oyin, wọ́n ń fẹ́ ara wọn ni. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, èmi ni mò ń dáná sí wọn nídìí, tí mo tún ń bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi ń làágùn."

Bí Altaf ṣe wọlé láti wá sọ pé òun ń lọ gbérò nìyẹn, tó bá ìyá rẹ̀ àti àbúrò bàbá rẹ̀ nílẹ̀, nínú àwọ̀tẹ́lẹ̀, etí mọ́ ògiri lọ́tùn-ún lósì, àwọn méjèèjì ń gbọ̀n bí ewé. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe.

"À ń tẹ́tí," ni Rajab wí, eyín rẹ̀ ń ṣẹ́ ọ̀rọ̀. "Jọ̀ọ́, má sọ fún ìyàwó mi."

Díẹ̀díẹ̀ ni ọjà inú ògiri ń tú. Odò náà fà, ó fà, ó wá ku kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń gbàdúrà sínú. Rahti mú Altaf lápá, ó fà á sílẹ̀, ó fi etí rẹ̀ lé e. Ó ní kó pa ẹnu mọ́, kó má mí. Altaf, tó jẹ́ pé ọkọ̀ rẹ̀ ń hó lójúde, gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dìde lọ pa ọkọ̀.

Wọ́n dúró di ọ̀sán, tí oòrùn bọ́ sára ògiri. Rahti dáná sí àkísà tí a ká, ó jẹ́ kó máa rú èéfín, ó ṣe bísímílàhì, ó họ ẹrẹ̀. Ó yọ ìdérí kúrò. Afárá tò sí ara wọn láti òkè délẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ìda funfun ti dé, kò sí ojú kan tó ṣí sílẹ̀. Rahti gé àwọn tó wà nítòsí, ó fi àwọn tó wà lọ́hùn-ún lápá ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Nígbà tí Altaf ní ó ṣì ku púpọ̀ níbẹ̀, Rahti bi í bóyá ó fẹ́ máa bọ́ wọn ní ìrẹsì títí di ìgbà òdòdó.

Ìdérí ló kù. Ẹrẹ̀ náà tutù ju ọwọ́ lọ, òkè sì ti ń ṣú. Pẹ̀lú oòrùn kékeré yẹn, kò ní gbẹ kó tó di alẹ́, Rajab sì ti ń mi orí. Rahti wo ẹrẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé kangri rẹ̀, tí Altaf ti tún iná rẹ̀ dá, ó jókòó, ó sì ń rọra gbé e yí ká etí ìdérí bí ìyá tó ń fi aṣọ gbígbóná jó ìwọ́ ọmọ. Nínú ògiri, àwọn oyin bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Ẹ pariwo bó ṣe wù yín," ó ní. "Mo ti tẹ́tí sí yín tán."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹrẹ̀ ti gbẹ kanrankanran. Ìyẹn ni ohun tí Khazir kò ronú kàn rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, Rahti kò sì jẹ́ kí Rajab gbàgbé rẹ̀.

Yìnyín sọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ó sọ̀ débi pé àkùkọ dúró lórí òrùlé kó tó lè rí ibi tó máa kọ sí. Oyin Rahti dì funfun bí òrí. Altaf ń yọjú wo ìdérí ìkòkò ní gbogbo ìgbà tó bá ti ìrìn àjò dé, bí ẹni tó ń wo ajá tó ti gé e jẹ rí, ìdérí kò sì mira. Láti parí ọ̀rọ̀ náà, Rajab bu oyin kún ṣíbí, ó dojú rẹ̀ dé sórí Altaf gan-an níbi tó jókòó sí, ó ní bó bá já bọ́, kó ri páìpù. Kò já bọ́. Ní àárín òtútù, wọ́n gbọ́ ariwo gbàà kan láti ilé Rajab. Rajab ní èkúté ni.

Ojú fèrèsé ni Altaf wá gbé páìpù gbà. Ó wọ́, ó ń kùn bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó ń dá èéfín padà sílé. Rahti ní kò burú, òun ti bá ohun tó ń hanrun sùn rí.

Ṣùgbọ́n ní àwọn ìdájí kan, kí Altaf tó dìde dáná, nígbà tí abúlé rì sábẹ́ yìnyín tí kò sì sí oyin kankan tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gé, Rahti á gbé kangri rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á bọ́ ẹ̀wù lé e, á lọ jókòó sídìí ògiri, etí lórí amọ̀. Wọ́n wà níbẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Eyín rẹ̀ á máa gbá ara wọn bí ti Khazir gẹ́lẹ́. Á máa wo aṣọ ìbora tó tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, bíi pé ẹnì kan fẹ́ yọ orí níbẹ̀ kó bi í ta ló ń ṣe é fún.

"Ọ̀rọ̀ èmi àti àwọn èèyàn mi ni," á dáhùn. "Ìwọ sùn."